Ọ̀já Tí Kò Mọ Bí A Ṣe Ń Fi Ni Sílẹ̀

Akínṣọwọ́n àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìlú Òkè-Ọ̀sàn, nígbà tí ó jẹ́ pé bí nǹkan bá là tàbí tí ó bá sán, títún ṣe ni wọ́n ń tún un ṣe, wọn kì í sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ ọ̀já àtè ni iṣẹ́ wọn. Bí igi ọkọ́ bá là, bí akèrègbè ẹlẹ́mu bá sán, bí ìdí ìbọn ọdẹ bá ń mì, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá. Akínṣọwọ́n yóò gé ọ̀já, yóò yí i mọ́ ojú ibi tó là, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó parí nìyẹn.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé aṣọ tí a kàn fi àtè pa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró ni ó ń hun aṣọ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. Bí ó bá hun ún tán, yóò po oje igi ìrẹ̀ mọ́ omi títí yóò fi ṣàn bí omi ògì, yóò fi pa ojú aṣọ náà, yóò sì sá a kí ó gbẹ. Oje yìí ni ó ń jẹ́ kí àtè di aṣọ mú. Láìsí i, bí a bá ṣí ọ̀já, aṣọ nìkan ni yóò tẹ̀lé ọwọ́, àtè yóò jókòó síbi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kan Akínṣọwọ́n. Òun ni ó ń se àtè nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, tí yóò máa rò ó títí yóò fi máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Bí wọ́n bá tẹ́ àtè sí ojú aṣọ tán, Àwẹ̀ró yóò dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ewé, yóò sì fi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Òrí yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀já lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ká a jọ bí ẹní.

Aṣọ, oje, àtè, òrí. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ará ìlú mọ̀. Wọn a ní, "Ẹ lọ ra àtè Akínṣọwọ́n." Àwẹ̀ró kì í bínú.

"Èmi àti òrí mi," ni yóò wí, "ẹ̀yìn la wà."

Kì í ṣe irú ọ̀já kan ni wọ́n ń ṣe. Ti igi ọkọ́, kíjìpá tí a ṣẹ́ po ni, àtè rẹ̀ sì ki. Ti ẹnu akèrègbè, tí a óò máa ṣí tí a óò máa dé lójoojúmọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni Àwẹ̀ró ń lò dípò aṣọ, àtè tó wà lójú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Akínṣọwọ́n kò ka èyí sí iṣẹ́ rárá.

"Ọ̀já tí ọmọ ọwọ́ lè ṣí," ni ó máa ń wí, "ṣé ọ̀já nìyẹn?"

"Ẹ dúró di ọjọ́ tí òùngbẹ bá gbẹ yín tí ẹ kò rí ẹnu akèrègbè ṣí," ni Àwẹ̀ró máa ń dáhùn. "Ẹ óò mọ̀ bóyá ọ̀já ni."

Ohun tí Akínṣọwọ́n fẹ́ràn ni igi ìyeyè tó wà níwájú ilé. Ibẹ̀ ni ó ti ń dán ọ̀já wò. Yóò lẹ ojú ọ̀já mọ́ igi, yóò so ọlọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì jókòó sórí àpótí láti máa wo ojú àwọn tó ń kọjá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọlọ ṣì wà lókè, ọ̀já yẹn tó tà. Bí baba rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí baba baba rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn.

"Ọlọ tí mo fẹ́ fi lọ ata ni ẹ tún gbé kọ́ sórí igi," Àwẹ̀ró yóò wí.

"Jẹ ẹ́ láìlọ̀ lónìí."

Ògúndìran ọdẹ, ọ̀rẹ́ Akínṣọwọ́n, fẹ́ràn àtijókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó wo ọlọ tó ń mì fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó mi orí.

"Ká ní mo ti mọ̀ ọ́ nígbà tí ìyàwó mi àkọ́kọ́ ń kẹ́rù," ni ó wí, "ọ̀já rẹ ni ǹ bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kì bá ríbi lọ."

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ nídìí òfì. "Bàbá ọdẹ, bí ó bá dúró tipátipá, ẹ̀yin náà lẹ máa kẹ́rù."

Akínṣọwọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ìyàwó rẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà baba baba rẹ̀, bí ọ̀já ṣe ń mú nǹkan ni wọ́n ń dán wò lórí igi yẹn. Kò sí ẹni tó dán bí ó ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ wò.

Ìyá Akínṣọwọ́n ń gbé pẹ̀lú wọn. Nínú àwọn ọmọ tí ó bí, Akínṣọwọ́n nìkan ni ó kù fún un. Nínú gbogbo ayé, ìyá yìí nìkan ni ó sì kù tó ń fi oríkì pe Akínṣọwọ́n. Àlàdé ni ó ń pè é. Ìyá ti darúgbó. Awọ ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó.

Ní àkókò òjò, ìyá yọ̀ lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé, ojúgun rẹ̀ sì là. Àwẹ̀ró fọ ojú egbò, ó gún ewé yúnyún lé e lórí. Wọ́n fi okùn dè é, ó yọ̀ wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n dè é le, ìyá ní ẹsẹ̀ òun ti kú. Wọ́n tú u, eṣinṣin dé. Akínṣọwọ́n kò lè wò ó mọ́. Ó jáde lọ sídìí igi ìyeyè, ó sọ ọlọ kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé lára ọ̀já tó ṣì ká jọ níbẹ̀.

"Baálé mi, ti igi ọkọ́ nìyẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ jẹ́ kí n hun èyí tó fúyẹ́. Kò ní pẹ́."

"Kí o tó hun ún tán ńkọ́? Kí eṣinṣin máa jẹ ìyá mi?"

"Ẹsẹ̀ kì í ṣe igi."

"Èyí tó mú igi, tó mú ọlọ, ṣé ẹsẹ̀ ni yóò wá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?"

Ó yí ọ̀já náà ká ojúgun ìyá rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó mú. Ìyá dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà.

"Àlàdé ti sọ mí di ọkọ́," ni ó wí. "Ẹ wá gbé mi lọ sóko."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òjò rọ̀, ìyá gba inú òjò kọjá, ọ̀já kò mira. Akínṣọwọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé kí ó wá wò ó.

Ṣùgbọ́n egbò ń fẹ́ kí a máa ṣí i. Ewé tó wà lábẹ́ ọ̀já rà, kò sì sí ọ̀nà láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú lókè ọ̀já, ó wú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀já dúró sí àárín bí òrùka tí kò ṣe é bọ́. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀, Akínṣọwọ́n kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó fi èékánná wá etí ọ̀já kàn, ó dì í mú, ó fà á.

Awọ tẹ̀lé e.

Ìyá kò ké. Ó fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú títí ọmọ rẹ̀ fi jáwọ́. Nígbà tí ó tú ìró náà lẹ́nu, ó bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àlàdé, ṣé ọ̀já rẹ lo fẹ́ gbà padà ni, àbí ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ mú lọ?"

Akínṣọwọ́n bu omi tútù sí i, àtè le sí i. Ó fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀bẹ lẹ̀. Ìyá wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

"Ó tó," ni ó wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀run, wọn yóò mọ̀ pé ọmọ mi mọṣẹ́."

Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Ibà mú un. Kò jẹun. Àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, wọ́n sì ń dúdú. Akínṣọwọ́n kò se àtè mọ́. Ó mọ̀ pé bí ọ̀já yẹn kò bá kúrò, ẹsẹ̀ yóò lọ. Bí ẹsẹ̀ bá sì lọ, ìyá tó ti rù tó báyìí yóò bá a lọ. Bí ó bá sì fà á bí ó ṣe fà á lọ́jọ́sí, awọ ojúgun yóò ṣí kúrò pátápátá. Kò rí ọ̀nà kẹta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pe Ògúndìran.

"Ìwọ bá mi di èjìká rẹ̀ mú," ni ó wí. "Èmi yóò fà á lẹ́ẹ̀kan. Ìrora ẹ̀ẹ̀kan sàn ju èyí lọ."

Ògúndìran wo ilẹ̀. "Mo ti di ẹtu mú, mo ti di ìmàdò mú. N kò tíì di ìyá ẹnikẹ́ni mú rí." Síbẹ̀ ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Bí wọ́n ti fẹ́ wọ yàrá, Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá òrí lọ́wọ́.

"Bàbá ọdẹ, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi. Baálé mi, ẹ wá bá mi dáná."

"Àwẹ̀ró, kì í ṣe àkókò eré nìyí."

"N kò ṣeré. Nígbà tí a bá ká ọ̀já jọ, tí àtè rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ni kì í jẹ́ kí ó mú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Akínṣọwọ́n wo igbá òrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń se àtè láti kékeré, kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí.

"Òrí ni," ni ó wí níkẹyìn.

"Ẹ bá mi yọ́ ọ. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fẹ́, kí ó má gbóná."

Ògúndìran tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó o.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ fún mi ní ẹsẹ̀ yín."

"Bí o bá fà á, n óò gbá ọ létí."

"Ẹ gbá a. Méjì ni mo ní."

Ìyá na ẹsẹ̀ jáde. Àwẹ̀ró ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú òrí tó ti yọ́, ó fi kan etí ọ̀já yípo. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó káwọ́ lé itan.

"Kí là ń dúró dè?" ni Akínṣọwọ́n béèrè.

"Òrí là ń dúró dè. Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe gba ọmú lẹ́nu baálé mi."

"Èwo? Eléyìí?" Ohùn ìyá kò le, ṣùgbọ́n ó tún ara rẹ̀ jókòó. "Mo fi ewúro pa ọmú, ó lá a. Ó tún wò mí bí ẹni ń bi mí pé ṣé kò kù mọ́. Mo sá lọ sí oko ẹ̀gbọ́n mi kí ó lè gbàgbé. Ó sunkún títí baba rẹ̀ fi gbé e tọ̀ mí wá. Wọn ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán tó fi rọ̀ mọ́ mi láyà. Kò mọ nǹkan án fi sílẹ̀ láti kékeré."

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́," ni Akínṣọwọ́n wí.

Ẹ̀rín Ògúndìran wọlé láti abẹ́ igi.

Bí ìyá ti ń sọ̀rọ̀, òrí ti ń wọ abẹ́ ọ̀já, etí rẹ̀ sì ti gbé sókè díẹ̀. Àwẹ̀ró kò fà á sókè. Ó ṣẹ́ ẹ padà pẹlẹbẹ lórí ara rẹ̀, bí ẹni ń ká ẹní, ó sì ń fi ìka ọwọ́ kejì tẹ awọ mọ́lẹ̀ níbi tí ọ̀já ti ń kúrò. Ìwọ̀n èékánná kan ṣí. Ó tún fi ìyẹ́ kan òrí, ó tún jókòó.

Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ó gbé ìka Akínṣọwọ́n lé awọ ìyá rẹ̀. "Ibí yìí ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fà. Ibi tí ó bá ti ń kúrò fúnra rẹ̀ ni ká bá a lọ."

Akínṣọwọ́n fẹ́ yára. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ yára, iṣan ìyá rẹ̀ yóò le lábẹ́ ìka rẹ̀ kí ìyá tó sọ̀rọ̀ rárá, òun náà yóò sì dúró. Bí iṣan náà bá rọ̀, yóò tún tẹ̀ síwájú. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé ẹsẹ̀ náà ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó yé e, kò wo ọ̀já mọ́. Ojú ìyá rẹ̀ ni ó ń wò.

Oòrùn rékọjá òrùlé. Ògúndìran ti sùn lábẹ́ igi. Àwọn ewúrẹ́ ti ń padà wálé nígbà tí ọ̀já náà kúrò, ó sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ Àwẹ̀ró bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀. Ibi tí ó ya kò ju ibi tí Akínṣọwọ́n ti fà lọ́jọ́sí lọ. Ibi yòókù pé. Wọ́n fọ ọyún inú egbò, wọ́n fi ewé tuntun sí i. Kí wọ́n tó ṣe tán, ìyá ti ń hanrun.

Akínṣọwọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Irú àtè wo ni kí n sè fún un?"

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ fi òrí díẹ̀ àti ìda oyin sí i," ni Àwẹ̀ró wí, "kí ó rọ̀."

Ó sè é bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró fa àlà rẹ̀ kan tó ti gbó ya, nítorí aṣọ tó gbó ni kì í ha awọ. Ó fi ẹ̀gún lu aṣọ náà yíká kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ wọlé. Etí méjèèjì nìkan ni wọ́n tẹ́ àtè sí. Àárín, níbi tí yóò kan egbò, wọn kò fi nǹkan kan sí i. Nígbà tí ó gbẹ, Akínṣọwọ́n mú un, ó sì dojú kọ ọ̀nà òde. Àwẹ̀ró rò pé ìdí igi ìyeyè ni ó ń lọ. Kò lọ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá ara rẹ̀. Ó rọ́ iná, ó gbé omi, ó jẹun, ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Irun apá rẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ̀lé e.

"Ó fi mí sílẹ̀," ni ó wí, ojú sì ń tì í díẹ̀ pé inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ó kọ́kọ́ mú yín ná," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀já yẹn ni wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé títí egbò fi san. Ìka ẹsẹ̀ ìyá padà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ilé Ògúndìran láti lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó wá di òun mú, kò rí òun dì mú.

"Ìyá, kí ni ẹ rí kọ́?" ni Ògúndìran béèrè, nítorí ó mọ̀ pé kò ní ṣàì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Ọmọ mi fi agbára mú ẹsẹ̀ mi, ó kù díẹ̀ kí n má ní ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀sọ̀ mú un, òun náà ni mo fi rìn wá bú ọ yìí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Akínṣọwọ́n fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n lọ béèrè ìyókù lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Wọ́n sin ìyá ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Àwẹ̀ró ló ṣáájú ọkọ rẹ̀ lọ. Aṣọ tí ó ń hun kò tíì parí lórí òfì. Àwọn ẹbí dé, wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e kúrò kí wọ́n lè palẹ̀ yàrá mọ́ kíákíá, nítorí wọ́n rò pé bí ọkọ rẹ̀ kò bá rí i mọ́, yóò sàn fún un. Akínṣọwọ́n ní kí wọ́n rọra. Ó jókòó sídìí òfì náà, ó ń tú òwú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ gan-an. Kò sí ẹni tó kán an lójú, nítorí gbogbo wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ rí. Láti ilé yẹn ni ó ti dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń wí títí di òní pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.